Ẹ̀yìn Ẹṣin Ni Òṣùwọ̀n Gàárì

Nígbà tí ẹṣin bá ń kọjá lọ ní ìgboro ní ọjọ́ ọdún, ohun méjì ni ojú àwọn ènìyàn máa ń lọ sí. Èkíní ni ẹni tí ó jókòó sórí rẹ̀. Èkejì ni gàárì àti aṣọ aláràbarà tí a fi ṣe ẹṣin náà lọ́ṣọ̀ọ́. Kò sí ẹni tí ń wo ẹ̀yìn tí ó ru àwọn méjèèjì, nítorí pé aṣọ ti bò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ibi tí ojú kò tó yìí gan-an ni ìyà ẹṣin ti ń bẹ̀rẹ̀. Gàárì tí ó wu gbogbo òǹwòran lè jẹ́ ìdálóró fún ẹni tí ó rù ú, pàápàá jù lọ bí ẹṣin náà bá ti dàgbà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti jìn wọlé bí inú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ.

Ẹṣin kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn agẹṣinjagun wà lára ohun tí ó sọ Ọ̀yọ́ Ilé di ìjọba ńlá ní ayé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹṣin kò rọrùn láti ní. Láti ìhà àríwá ni a ti ń rà wọ́n wá, owó gọbọi ni a sì ń san lé wọn lórí. Bí wọ́n bá dé agbègbè igbó, eṣinṣin tsetse a máa kó àrùn ràn wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í pẹ́ kú. Títí di òní, àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀ ní ọjọ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá. Àwọn ará Ìlọrin náà kò sì gbẹ́yìn nínú ẹṣin gígùn. Ohun tí a fi owó púpọ̀ rà, tí a sì fi ń fi ọlá hàn, ó yẹ kí a mọ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ó bá di arúgbó. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ẹṣin arúgbó kò ní ọmọ tí yóò bọ́ ọ. Ẹni tí ó gùn ún nígbà tí agbára wà lára rẹ̀ ni ó wà ní ipò ọmọ fún un.

Kí ni ó ń mú kí ẹ̀yìn ẹṣin jìn? Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀pá kan ṣoṣo tí ó le gbagidi. Egungun kéékèèké ni a tò tẹ̀lé ara wọn, tí iṣan sì so wọ́n pọ̀ láti èjìká dé ìdí, bí afárá okùn tí a so mọ́ igi ní bèbè odò méjèèjì. Láti òkè, iṣan gígùn ni ó dì í mú. Láti ìsàlẹ̀, ẹran ikùn ni ó ń gbé e ró. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, iṣan a máa dẹ̀, ẹran ẹ̀yìn a máa joro, ìwúwo ikùn a sì máa fa egungun wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tètè máa ń ṣẹlẹ̀ sí abo ẹṣin tí ó ti bímọ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí ẹrù oyún tí ó ti gbé. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹṣin tí wọ́n ti kánjú gùn ní kékeré pẹ̀lú. Egungun ẹ̀yìn a máa pẹ́ kí ó tó gbó ju egungun ẹsẹ̀ lọ. Kì í sábà gbó tán títí ẹṣin yóò fi pé nǹkan bí ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Àwọn mìíràn sì wà tí a bí i mọ́. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Kentucky ní Amẹ́ríkà fi hàn pé láàárín irú ẹṣin tí wọ́n ń pè ní American Saddlebred, ẹ̀yìn jíjìn lè jẹ́ ohun àjogúnbá, èyí tí ọmọ ẹṣin lè ní láti ìgbà èwe rẹ̀.

Nítorí náà, kò tọ̀nà láti rí ẹṣin tí ẹ̀yìn rẹ̀ jìn kí a sì pè é ní aláìsàn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń rìn dáadáa, tí wọ́n ń jẹun, tí ara wọn sì le. Ohun tí ó yí padà lára wọn ni ìrísí ẹ̀yìn, kì í ṣe ìfẹ́ láti rìn. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹni tí ó ni ẹṣin bá rò pé gàárì tí òun ń dì lé e ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn náà ni ó yẹ kí òun dì lé e lónìí.

Iṣẹ́ gàárì ni láti pín ìwúwo ẹlẹ́ṣin káàkiri ẹran tí ó wà ní ìhà méjèèjì egungun ẹ̀yìn, kí ibì kan má baà rù ju ibòmíràn lọ, kí ohunkóhun má sì fi ara kan ọ̀gangan egungun náà. Láti nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn ni Xenophon, ọ̀gágun ará Gíríìsì tí ó kọ ìwé lórí ẹṣin gígùn, ti gbà àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé ẹ̀yìn tí ẹran rẹ̀ yọ sókè ní ìhà méjèèjì egungun dára láti jókòó lé ju èyí tí egungun rẹ̀ yọ síta lọ. Ẹran yìí gan-an ni ọjọ́ ogbó ń mú kúrò. Bí ó bá ti lọ, ìtìmù tí Ọlọ́run dá mọ́ ẹṣin ti lọ, gàárì nìkan ni ó sì kù láti ṣe iṣẹ́ náà.

Inú ọ̀pọ̀ gàárì ni igi wà, bí egungun ti wà nínú ara, awọ ni a sì fi ń bò ó. Igi yìí kì í tẹ̀ nítorí pé ẹ̀yìn tẹ̀. Bí a bá gbé gàárì tí igi rẹ̀ lọ gbọọrọ lé ẹ̀yìn tí ó jìn, iwájú rẹ̀ yóò fi ara ti èjìká, ìdí rẹ̀ yóò fi ara ti ìbàdí, àárín rẹ̀ yóò sì wà lófo, bí pákó tí a gbé dábùú kòtò. Ẹni tí ó bá dúró sórí irú pákó bẹ́ẹ̀ kò wúwo lórí kòtò rárá. Etí kòtò méjèèjì ni ó ń ru ìyà rẹ̀. Bí ẹlẹ́ṣin bá wọn kílógíráàmù 60, tí ó sì jẹ́ pé ibi mẹ́rin péré ni gàárì ti fi ara kan ẹ̀yìn, méjì níwájú àti méjì lẹ́yìn, kílógíráàmù 15 ni yóò wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí a bá pín in dọ́gba, ibẹ̀ sì lè máà ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí ẹṣin bá sì ń sáré, ìdérí náà yóò pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò ní lè rìn dáadáa nínú ẹran tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò kọ́kọ́ wú, lẹ́yìn náà yóò bó, nígbà tí ó bá sì jinná, irun funfun a máa hù ní ojú egbò náà. Irun funfun yìí a máa wà níbẹ̀ bí àpá ẹjọ́ tí a kò dá.

Àwọn kan gbà pé aṣọ ni àtúnṣe rẹ̀. Bí gàárì kò bá bá ẹ̀yìn mu, wọ́n á ká aṣọ méjì tàbí mẹ́ta sí abẹ́ rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá tó, wọ́n á fi tìmùtìmù kún un. Èrò yìí fani mọ́ra, ṣùgbọ́n kò tọ́. Ẹni tí bàtà há mọ́ lẹ́sẹ̀, tí ó wá wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì kún un, ìnira ara rẹ̀ ni ó fi kún. Aṣọ tí ó nípọn dọ́gba láti iwájú dé ẹ̀yìn kò lè dí àlàfo tí ó wà ní àárín nìkan. Bí ó ti ń gbé àárín sókè ni ó ń gbé iwájú àti ẹ̀yìn sókè pẹ̀lú. Gàárì tí ó ti há mọ́ èjìká tẹ́lẹ̀ yóò túbọ̀ há sí i, yóò sì máa mì lọ mì bọ̀ nítorí pé ó ti jìnnà sí ara ẹṣin. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìtẹ́lẹ̀ tí ó lè ṣe ìrànlọ́wọ́ ni èyí tí a fi ìmọ̀ gé: tí ó nípọn ní àárín, tí ó fẹ́lẹ́ níwájú àti lẹ́yìn, tí ó sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún egungun ẹ̀yìn. Èyí náà sì ní ààlà tirẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá jìn jù, ìtẹ́lẹ̀ kan kò lè sọ gàárì tí kò bá a mu di èyí tí ó bá a mu.

Wọ́n ní àìlèsọ̀rọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ orí burúkú. Ẹṣin kò lè pe olówó rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kí ó sọ fún un pé gàárì ń dun òun léjìká. Ara rẹ̀ ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá rí gàárì tí ó dẹ etí sẹ́yìn. Bí a bá ń so ọ̀já abẹ́ àyà tí ó yí orí padà bí ẹni tí ó fẹ́ bu ni jẹ. Bí a bá fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rẹ ara sílẹ̀ lójijì. Bí ẹṣin tí ó máa ń rìn geere bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀, tàbí tí ó kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ọ̀rọ̀ yìí ní orí kunkun, wọ́n a sì fi pàṣán dá a lóhùn. Ẹni tí ó na ẹṣin nítorí ìrora tí òun fúnra rẹ̀ dì lé e lẹ́yìn ti ṣẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Òógùn náà a máa jẹ́rìí. Bí a bá sọ gàárì kalẹ̀ lẹ́yìn ìrìn, ó yẹ kí ibi tí gàárì ti fi ara kàn ní ìhà méjèèjì tutù dọ́gba. Bí èjìká àti ìbàdí bá tutù, tí àárín sì gbẹ ní ojú tí ó gbòòrò, ó jẹ́ àmì pé gàárì kò kan ibẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ojú kékeré kan ni ó gbẹ láàárín ibi tí ó tutù, ó lè jẹ́ pé gàárì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òógùn kò fi lè jáde. Ẹni tí ó bá tẹ́ aṣọ funfun tí ó mọ́ sí abẹ́ gàárì yóò rí ìdọ̀tí lára rẹ̀ bí ẹni ka ìwé.

Ṣùgbọ́n ó sàn kí a wọn ẹ̀yìn kí a tó ra gàárì ju kí a dúró de egbò lọ. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí ẹṣin dúró lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, kí ó sì wo iwájú. Kí a mú wáyà tí ó rọ̀, tí kì í tún nà padà bí a bá tẹ̀ ẹ́, kí a tẹ́ ẹ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ egungun, láti èjìká lọ sí ìbàdí. Kí a rọra gbé e lé orí páálí, kí a fa ìlà tẹ̀lé e, kí a sì gé páálí náà. Kí a tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìdábùú ní ẹ̀yìn èjìká àti ní àárín. Páálí wọ̀nyí ni ẹni tí ń ṣe gàárì yóò gbé sí abẹ́ gàárì kọ̀ọ̀kan tí ó bá ní, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá sì ti yọ ni gàárì náà kò ti bá ẹ̀yìn mu.

Bí a bá ti rí èyí tí ó fẹ́ bá a mu, kí a gbé e lé ẹṣin láìsí aṣọ kankan lábẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ìka méjì tàbí mẹ́ta lè wọlé láàárín gàárì àti òkè èjìká, kí ojú ọ̀nà tí ó wà lórí egungun ẹ̀yìn sì ṣí láti iwájú dé ìdí. Kí a ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ gàárì láti iwájú lọ sẹ́yìn: bí ọwọ́ bá há níwájú, tí ó tú ní àárín, tí ó tún há lẹ́yìn, a ti bá pákó orí kòtò pàdé. Ìhà 18 ni ẹṣin sábà máa ń ní ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Gàárì kò gbọdọ̀ kọjá ìhà tí ó gbẹ̀yìn, nítorí pé kò sí ìhà tí yóò gbé e ró lẹ́yìn ibẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ẹlẹ́ṣin yóò wá gùn ún, nítorí pé gàárì tí ó dúró dáadáa lófo lè yí padà nígbà tí ènìyàn bá jókòó.

Gàárì tí igi rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ bí ẹ̀yìn náà ti tẹ̀ ni ó yẹ ẹṣin bẹ́ẹ̀. Èyí tí a fi irun àgùntàn kún inú rẹ̀ ní àǹfààní, nítorí pé a lè tú u kí a fi kún àárín tàbí kí a yọ kúrò níwájú bí ara ẹṣin bá ti ń yí padà. Gàárì tí kò ní igi wà pẹ̀lú, tí ó rọ̀, tí ó sì ń tẹ̀lé ìrísí ẹ̀yìn. Àwọn kan ń yìn ín bí ẹni pé kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra. Igi ni ó ń pín ìwúwo káàkiri. Bí kò bá sí igi, ìwúwo lè kó jọ sí abẹ́ ìjókòó ẹlẹ́ṣin àti sí ibi tí a so irin ìkẹsẹ̀bọ̀ mọ́, ó sì lè jókòó lé egungun ẹ̀yìn bí kò bá sí ìtẹ́lẹ̀ tí ó la ọ̀nà fún un. Kò sí orúkọ gàárì kan tí ó jẹ́ àtúnṣe fún gbogbo ẹṣin. Ìka kò dọ́gba, ẹ̀yìn kò sì dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ẹlẹ́ṣin náà kò ṣeé fojú fò. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Àwọn ẹṣin tí ó ru ìdá 15 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kò fi ìnira púpọ̀ hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹrù náà di ìdá 25 àti 30, ọkàn wọn lù kíkankíkan, ara sì ro wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́. Bí ẹṣin kan bá wọn kílógíráàmù 300, ìdá 20 rẹ̀ jẹ́ kílógíráàmù 60, gàárì àti aṣọ sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó wọn 55, tí gàárì rẹ̀ sì wọn 10, ti kọjá ààlà. Ẹṣin tí ó ti darúgbó, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti jìn, kò yẹ kí a dé ààlà náà pẹ̀lú rẹ̀ rárá. Kí ẹni tí yóò gùn ún gun orí àpótí kí ó tó gorí rẹ̀, kí ó má baà fa ẹ̀yìn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí a sì máa mú un rìn jẹ́jẹ́ ní ibi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, kí ẹran ikùn àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ lè lágbára.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀yìn ẹṣin arúgbó kò yẹ ní gbogbo owó àti wàhálà yìí. Wọ́n á rán ni létí òwe pé, a di gàárì sílẹ̀, ewúrẹ́ ń yọjú. Ẹrù ìran rẹ̀ ni? Wọ́n á ní ẹrù ìran ẹṣin ni gàárì, kí ó rù ú. Òtítọ́ ni pé ẹrù ìran rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé egbò ni ogún rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní owó láti ra aṣọ àràǹkan tí yóò fi bo ẹṣin ní ọjọ́ ọdún ní owó láti pe ẹni tí yóò tún gàárì rẹ̀ ṣe. Wáyà àti páálí kò gbówó lórí. Èyí tí ó wọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kí ènìyàn gbà láti wò.

Àwọn mìíràn sì wà ní ìhà kejì, tí wọ́n ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gun ẹṣin tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti jìn láé. Àánú ni ó mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àánú náà ti kọjá ibi tí ó yẹ. Ẹṣin tí a kàn so mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ara rẹ̀ yóò le, ẹran rẹ̀ yóò sì tètè joro. Ìrìn díẹ̀ lábẹ́ ọmọdé tí kò wúwo, pẹ̀lú gàárì tí ó bá a mu, lè ṣe é ní rere. Kí oníṣègùn ẹranko yẹ̀ ẹ́ wò ni kí a fi ṣe ìdájọ́, kì í ṣe ìrísí rẹ̀ lójú àwọn tí ń kọjá.

Síbẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí páálí kò ní bá gàárì kankan mu mọ́, tàbí tí ẹṣin yóò máa rẹ ara sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ lásán. Ní ọjọ́ náà, iṣẹ́ tán. Ẹni tí ó gùn ún ni ó ń jẹ àǹfààní gígùn, nítorí náà kì í ṣe ìfẹ́ tirẹ̀ ni ó yẹ kí ó fi dá ẹjọ́ náà. Kí ó gbé gàárì kọ́ ògiri, kí ó sì máa fi okùn fa ẹṣin rẹ̀ lọ síbi koríko. Ohun tí ẹṣin ti rù tó. Ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó jìn ni ó fi hàn bẹ́ẹ̀.